Àmì Pupa Ara Ògiri Àǹtí

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Olórí kunkun! Ṣé ọṣẹ lo fẹ́ fi dá katakata tó ń wólé dúró?”

Ohun tí àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, Màámi. Ẹ má fòyà o, ara mi le. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí wa dáadáa, pàápàá látìgbà tí àǹtí ti yọ àwọn fèrèsé tà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ilé ẹ̀bá òkun tí wọ́n fẹ́ wó. Mo rò pé bí mo bá fọ tiwa kúrò, wọ́n á fo ilé wa. Mo fọ̀ ọ́ títí èékánná mi fi ṣẹ́. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá wọn dé, tó wo ògiri, tó bú sẹ́rìn-ín: “Ìyá, ilé yín mà mọ́ o! Ẹ jẹ́ ká bá yín kùn ún.” Àmì tuntun náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á wó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àǹtí ò sì mọ ibi tá a máa sùn.

Ẹ ní ẹ fẹ́ rán àbúrò mi wá bá mi gbé, pé olú ìlú ti là mí lójú. Ó ti là mí lójú lóòótọ́.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ kí Bàbá àgbà, ẹ ní mo ti sanra.

Mi ò ní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Òmíràn tí mo máa kọ ránṣẹ́ sí yín ló máa sọ pé mi ò lè bá ará oko pín yàrá. Ẹ máa bínú sí mi gan-an, àbúrò mi ò sì ní wá. Kò sẹ́ni tí màá sọ ìdí rẹ̀ fún.