Ìwé Ìkàrẹ́ Tí Bọ̀dá Gbénga Kà fún Wa

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà ní Ìlú Ọba níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí, kì í ṣe ilẹ̀ Ìwàrò-Ọ̀kà. Mo kí àwọn bàbá àdúgbò. Mo kí àwọn ìyàwó ilé wa. Mo kí ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa ń bá mi jókòó ti Màmá lọ́sàn-án, Ọlọ́run á rí ẹni jókòó ti ẹ̀yin náà. Mo kí Ìbùkún, ọmọ tí àbúrò mi fi sílẹ̀ kó tó sùn. Òun ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Mi ò kí Gbénga ẹ̀gbọ́n mi, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà ọmọ yín wà, tí gbogbo ayé ń kà á. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, kò sí lẹ́tà tí mo kọ sí yín tí kò gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọjá. Òun ló ń já a, òun ló ń kà á sí yín létí. Fóònù yín pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sùn. Mo pè lóṣù tó kọjá, ó ní ẹ ń sinmi. Mo tún pè, ó ní ẹ lọ sí ìpàdé. Ẹ̀yin tí orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà! Mo wá rò ó pé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tà ní gáráàjì Ọ̀kà àti ti Ìkàrẹ́, kò lè rà á tán. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹni tó bá mọ̀wé kà nínú yín, kó kà á fún Màmá, kó yí i sí ti Ọ̀kà fún wọn, kó má fo ìlà kan.

Màmá, ẹ máa ń béèrè bí ibí ṣe rí. Ibí ò dára. Àwọn tó ń ya fọ́tò ránṣẹ́ wálé, ara wọn ni wọ́n ń tàn. Ọyẹ́ ilé wa, bí ó ti wù kó le tó, tí oòrùn bá ti ta, àpáta á gbóná, èèyàn á fẹ̀yìn tì í. Níbí, kò sí ohun tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń ká aṣọ ìbùsùn tí wọ́n tọ̀ sí, mò ń tẹ́ òmíràn, kí n tó tẹ́ ẹ tán wọ́n ti tún tọ̀. Àwọn ọmọ wọn kì í wá, káàdì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Obìnrin tó ń gbé òkè yàrá mi, ọdún kejì rèé tí a jọ ń lo àtẹ̀gùn kan, a ò tíì ṣe ju ká mi orí síra wa lọ. Wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, wọn á sì ti ilẹ̀kùn.

Mo wá iṣẹ́ tó sàn ju ìyẹn lọ. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo kọ. Èsì gbogbo wọn dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń wà lókè níbẹ̀, “regret”. Ẹni tó bá ti rí i, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú ka ìyókù, wọn ò gbà á nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí iṣẹ́ tirẹ̀, ó fi lẹ́tà náà hàn mí, “pleased” ló wà lókè tirẹ̀. Bí mo ṣe mọ ìbáwí yàtọ̀ sí ìbùkún nìyẹn.

Wọ́n ní òyìnbó mi ò tó. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní yàrá ìkàwé àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Ọ̀fẹ́ kọ́ o. Wákàtí iṣẹ́ méjì ni mo ń pàdánù, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí mi ò bá kó ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá wálé, àdánù ni mo lọ ṣe. Nítorí náà, mo máa ń kà wọ́n kí n tó dìde.

Ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa. Kì í kọ́ wa bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Ọ̀kà. Ìtàn ló ń kà. Á kà á díẹ̀, á dúró, á ní kí a fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn wá ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Kò gbọdọ̀ rí díṣọ́nárì lórí tábìlì, kò gbọdọ̀ rí fóònù. Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìtàn àkọ́kọ́, eku kan ló wọ kóòtù. Mo sọ fún un pé nílé wa, eku tó bá wọ kóòtù, a máa kọ́kọ́ bọ́ ọ lára rẹ̀ kí a tó yan án. Fádúmà, ará Sòmálíà tó ń jókòó tì mí, rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bo tábìlì. Tíṣà ní ó dáa, kí n kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀ lóyìnbó. Bó ṣe máa ń fìyà jẹni nìyẹn.

Àmọ́ ó ń wọlé. Ìtàn ọmọ awakùsà kan la fi mọ “bursary”, ìyẹn owó tí ilé ìwé fi ń ran ọmọ tó mọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ò ní. Ìtàn mìíràn tẹ̀lé e, ti ìlú kan létí òkun. Ọdọọdún ni wọ́n ń pín etí omi fún àwọn apẹja. Opó kan rán ọmọ rẹ̀ kó lọ gba ìpín àwọn kí wọ́n tó lu agogo. Ọmọ náà ò débẹ̀. Ó padà wálé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìpín ti tán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè é nínú ìwé ni “forfeit”, ohun tó jẹ́ tìrẹ, tó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ torí pé ẹni tó yẹ kó dé ibẹ̀ ò dé. Fádúmà ní ká na ọmọ náà. Tíṣà ní kí kálukú sọ ohun tó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kò sí ohun tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìdánwò ni èmi kùnà ní tèmi. Ó ní kí a mú nǹkan àtijọ́ kan láti ilé wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a sọ ìtàn rẹ̀.

Màmá, ṣé ẹ rántí ìwé Ìkàrẹ́? Ọdún tí mo jáde pírámárì, tí mo lọ ṣe ìdánwò ní ilé ìwé àwọn obìnrin, tí ẹ di iṣu sísun fún mi kí ebi má pa mí lọ́nà. Ẹ mọ àṣà Bàbá. Ìwé tó bá wọlé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń já a. Á dúró láàárín pálọ̀, gbogbo wa á jókòó, á kà á, ẹnikẹ́ni kì í gbà á wò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbénga wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù nígbà náà. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé Olúfúnkẹ́ ò yege, kí a má bínú. Bàbá mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin fi etí ìró nu imú mi, ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ náà iṣẹ́ ni.

Ẹni tó ń kà á níta lè bi mí pé ṣé mi ò lè kà á fúnra mi ni, èmi tí mo gba ìwé mẹ́fà. Òyìnbó ìgbà náà, bí orin là ń kọ ọ́, ẹnu wa mọ̀ ọ́n, ọkàn wa ò mọ̀ ọ́n. Ta ló sì bí ẹ dáa kí o gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò? Mo kàn tọrọ ìwé náà nígbà tó kà á tán ni, torí pé wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ mi sí i. Mi ò rí orúkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó jù ú sí mi. Mo ká a mọ́ sáàtífíkéètì mi, ibẹ̀ ló wà tí mo fi gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Òun ni mo mú lọ sí kíláàsì. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣí i, mo ń wá ibi tí “regret” wà, kí n lè tètè fi hàn wọ́n. Mi ò rí i. “Pleased” ni mo rí. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, mo rí “bursary”, ọdún mẹ́ta gbáko. Mo dé ìlà ìkẹyìn, ó ní kí alágbàtọ́ ọmọ náà wá fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, “forfeit”. Bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá yàrá ìkàwé, ó gbé mi dé ibi tó ti ń yí padà. Awakọ̀ ní kí n sọ̀kalẹ̀, èdè Ọ̀kà ni mo fi dá a lóhùn.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Tíṣà gba ìwé náà, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà. Mo ní méjìlá. Fádúmà ló pòṣé, òṣé gígùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe Gbénga. Màmá, ẹ má bínú pé mo ń pè é bẹ́ẹ̀, tí mo ń pè é ní “ó”. Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ó kọ́kọ́ ní ìwé wo. Mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Ó wá ní họ́wù, mo ti wá gbọ́ òyìnbó báyìí. Ó ní kòkó ọdún yẹn ò ju ohun tó lè rán ẹnì kan lọ, pé bí ilé ìwé bá tilẹ̀ san owó tiwọn, ta ni yóò ra mátírẹ́ẹ̀sì, ta ni yóò ra àpótí àti ọkọ́, òun sì ni ọkùnrin. Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ló yẹ kó yan ẹni tó máa lọ, kì í ṣe òun. Ó ní bí mo bá lọ, ta ni ì bá máa pọnmi fún Màmá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí ni mo tiẹ̀ ń pariwo sí, ṣebí èmi tí mi ò kàwé ni mo wà ní Ìlú Ọba, òun tó kàwé ló jókòó sílé. Mo ní kó wá fọ aṣọ ìtọ̀ fún ọjọ́ kan, kó tó mọ ibi tí mo wà.

Kò bẹ̀ mí, Màmá. Títí tó fi pa fóònù, kò bẹ̀ mí.

Bó bá ṣe tèmi nìkan ni, mo lè gbé e mì. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti yúnifọ́ọ̀mù. Ìbùkún ni kò jẹ́. Ọmọ náà ṣe ìdánwò sí ilé ìwé kan náà. Ta ló lọ gba èsì? Gbénga. Ó dúró sí pálọ̀ kan náà, ó ní ọmọ ò yege, ó ní àbúrò ìyàwó òun ní Àkúrẹ́ ń wá ọmọ tí yóò máa bá a gbé ìkókó, wọn á kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ bó bá yá. Ìbùkún ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ìwé náà kí òun wò ó, Gbénga ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú kì í yájú. Fóònù ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà fi pè mí, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jalè.

Mo pe ilé ìwé náà ní Ìkàrẹ́. Gbogbo òyìnbó tí mo ti fi Ìṣẹ́gun rà, ọjọ́ náà ni mo ná an. Akọ̀wé wọn lọ wo ìwé, ó padà wá, ó ní ọmọ náà ni ẹnì kẹta láti òkè. Ó ní àwọn ti ń retí alágbàtọ́ rẹ̀ tipẹ́, pé àwọn á di ààyè rẹ̀ mú títí di ọjọ́ tí wọn yóò wọlé, àwọn ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Gbénga, mo mọ̀ pé ẹ ti ra ìwé ìròyìn yìí. Ẹ gbọ́ o. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ gba ọwọ́ yín ti parí, ilé ìwé ni mo ń san án sí tààrà. Ọjọ́ tí Ìbùkún bá fẹsẹ̀ tẹ Àkúrẹ́ lọ gbọ́mọ fún ẹnikẹ́ni, ìwé tèmi ni mo máa tẹ̀ síta, àti ti Ìbùkún tí mo máa gbà lọ́wọ́ ilé ìwé, kí gbogbo Ọ̀kà gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n kà á. Ẹ sọ fún àbúrò ìyàwó yín pé kó gbé ìkókó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Màmá, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Akọ̀wé náà béèrè pé ta ni alágbàtọ́ ọmọ náà. Mo dárúkọ yín. Ó ní ṣé ẹ lè kọ orúkọ yín sílẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní kò burú, íńkì wà níbẹ̀, àtàǹpàkò tó. Ẹ wọ aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ ní Kérésì. Ìyá ẹgbẹ́ kan á di yín lọ́wọ́ kan mú, Ìbùkún á di èkejì, ẹ wọ mọ́tò láti Ìwàrò, Ìkàrẹ́ ò jìnnà. Bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú yín, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ ní kí Ìbùkún kà á sí yín létí, lóyìnbó, kó tún kà á ní ti Ọ̀kà. Bó bá yé yín, tó sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ti àtàǹpàkò yín bọ íńkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó má hàn bí ti ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ọlọ́run tó dá yín sí di àkókò yìí á fún orúnkún yín lágbára. Ẹ óò jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ, ẹ óò jẹ ti ọmọ-ọmọ. Kò ní sí ẹni tí yóò tún pa irọ́ lé yín lójú nínú ilé yín. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, lọ́mọdé lágbà. Ẹ sọ fún Ìbùkún pé mo ti ra mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó ti wà ní Ìkàrẹ́, orúkọ rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n kọ sí i lára.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́.