Ìṣó Tí Mo Kàn Mọ́ Ògiri

Òde Ugbò,
Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Àrìnpé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Olúrẹ̀mí ọkọ rẹ, mo sì kí Ayọ̀mikún, ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì fojú rí. Ṣé ara rẹ ti padà bọ̀ sípò? Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa? Ṣé ẹ ń ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e lórí? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àyà mi nìkan ni kì í balẹ̀, bí o sì ṣe bá mi láyé nìyẹn.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Lórí fóònù, o máa ń dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán, mo sì fẹ́ sọ èyí tán. Lawrence apẹja ni yóò fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bá mi mú un dé Igbókòdá, yóò sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní oṣù kẹjọ kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, "Bàbá, tí mo bá dé ní Kérésì tí ẹ ṣì ń gbé àárín àpò, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé yín lọ. Ibo ni mo fẹ́ tẹ́ ọmọ sí níbẹ̀?" Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Inú àpò ìrẹsì mẹ́sàn-án ni mo di ẹrù wa sí nígbà tí a sá kúrò ní Araromi, ó pé ọdún mẹ́fà báyìí, n kò sì tú wọn. O rántí pé ọdún tí mo kun pálọ̀ wa níbẹ̀ ní ọ̀dà gan-an ni òkun gbé ilé yẹn lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé bí mo bá tún ilé ṣe, òkun á gbọ́. Mo ní kí ẹrù wà ní dídì, kó lè jẹ́ pé bí omi bá dé, màá gbé e, màá sì máa lọ.

Tíṣà obìnrin kan wà ní ilé kejì sí mi, Moríkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ará Ìkìrun ni, ẹ̀rù omi ń bà á. Tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, gbogbo èbúté ló ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ọjọ́ tó kó dé ló ti ń kan ìṣó mọ́ ògiri pákó rẹ̀ láti fi ẹrù kọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ní, "Tíṣà, orí omi la kọ́lé sí níbí o! Ìṣó kì í dá omi dúró." Nígbà tó wá kí mi, ó wo àwọn àpò náà yíká, ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí, mo rò pé ilé ni mo wọ̀. Èbúté ni! Ọkọ̀ wo lẹ ń dúró dè?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi dá a lóhùn tó bá kí mi.

Wàyí o, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní oṣù kẹsàn-án, mo sọ fún ọ pé omi kò dé ọ̀dọ̀ wa. Irọ́ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó ń yọ láàárín pákó tí mo ń tẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa lọ sí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Mo dìde, mo ń wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Àpò mẹ́sàn-án, gbogbo wọn jọra! Mo tú ọ̀kan, mo bá aago tí kò lọ́wọ́. Mo tú èkejì, ẹní tó ti gbó. Moríkẹ́ ti sọ ohun gbogbo tó so kọ́ sínú báàgì méjì, ó ti jáde, òun ló sì padà wá fà mí lọ́wọ́. Mo gbé àpò tí mo rò pé oògùn àti ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a tú u lójú gbogbo ayé, òjé tí a fi ń mú àwọ̀n rì ló kún inú rẹ̀, àti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀ láìlo oògùn, òòyì sì kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí Moríkẹ́ kò fi sùn nítorí mi.

O rí i, èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà múra sílẹ̀ ni omi bá láìmúra. Ẹni tí ohun rẹ̀ ní ààyè tirẹ̀ ló tètè kó o.

Nígbà tí omi fà, mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò lè gbé òòlù. Àárẹ̀ ọkàn ni, kì í ṣe ti ara. Ọjọ́ kẹrin ni mo rí Lawrence tó ń ká àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀ létòlétò, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni yóò tún tú gbogbo rẹ̀ sómi. Mo rántí ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí o rọ́ àwọ̀n mi sínú ọkọ̀ wúruwùru, tí mo kó ọ níkòó lórí. Mo ní, "Nítorí pé a ó dẹ ẹ́ la ṣe ń ká a dáadáa!" Ojú ara mi tì mí. Mo gbé òòlù, mo kan ìṣó kan, mo fi oògùn mi kọ́ ọ. Ọ̀kan péré lágbára mi ká lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, n kò kan ìkankan. Lọ́jọ́ kẹta, mo kan méjì. Báyìí ni mo ṣe ń bá a bọ̀. Moríkẹ́ fún mi ní ìṣó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Àpò mẹ́jọ ti túká. Ẹyọ kan tó kù, ẹrù yàrá rẹ ní Araromi ni. N kò mọ ibi tó yẹ kí n kó o sí, ìwọ ni kí o wá sọ fún mi. Bí o bá dé, wo ilé náà dáadáa kí o tó dárúkọ Àkúrẹ́. Bí o bá wò ó tán tí o ṣì ní kí n máa bọ̀, n kò ní bá ọ jà. Kí ẹ tó jẹun tán, màá ti kó ẹrù mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ó ń wù mí láti máa gbé inú ilé yìí báyìí. Mi ò gbé inú rẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí fún yín. Ìwọ náà yóò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Omi kò ní gbé yín, iná kò ní jó yín, ilé yín kò ní dá páropáro.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í yé ṣàníyàn,
Olówòkéré.

Àfikún: Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù amúniléfòó. Mo kan ìṣó kan sísàlẹ̀ fún fìlà Ayọ̀mikún. Nígbà tó yá, mo yọ ọ́, kó má baà gún un lójú, mo kàn án sókè. Lónìí mo tún rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o tó bá dàgbà díẹ̀. Ẹ gbé e wá kí n fi wọn ìṣó náà.