Kì í Ṣe Àjálù

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, òtútù ibí yìí sì ti ń mọ́ mi lára.

Òyìnbó tí a jọ ń fọ abọ́ níbi iṣẹ́ ti kọ́ "ẹ̀gbọ́n" àti "àjálù" lẹ́nu mi; bí bọ́ọ̀sì bá fi í sílẹ̀, á ní àjálù ni. Lánàá ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun tó já, tó sì lu ènìyàn ni, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ó wo àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí náà já fúnra rẹ̀ ni?"

Ìyá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó wó lu ẹsẹ̀ Àbúrò, tí ẹ ń pè ní àjálù, èmi ni mo yọ àwọn igi tó gbé e dúró kí kọnkéré tó gbẹ, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè wá wo iṣẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ti kọ́ mi pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ máa tù mí nínú.

Ẹ̀bẹ̀ kò lè mú Àbúrò rìn. Ẹ bá mi kí i, bí ó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìkíni mi.

Ọmọ yín.