Ehoro Kò Padà sí Kíṣíìnì Mọ́

Bàbá Rùqáyyàh,

Ẹ má gbé ehoro kúrò ní pálọ̀ o! Bí ẹ ṣe lọ oko láàárọ̀ ni ìjàlọ ya bo kíṣíìnì tí ẹ ní kó máa gbé. Àdá ni mo fi já ìdérí àpótí tí ẹ kàn pa, kí n tó lè yọ ọ́. Wọ́n ti bù ú jẹ létí. Ẹkún ni ọmọ yín sun lọ síléèwé.

Orí tábìlì yín ló wà báyìí. Mo ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi, kí ìjàlọ má baà gùn ún. Bí omi bá fà, ẹ bu sí i. Mo lọ ra oògùn ní Ìyànà Ọ̀fà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹranko kì í gbé pálọ̀. Ó dáa. Ẹni tó bá gbé e padà sí kíṣíìnì, kó tẹ́ní síbẹ̀, kó sùn tì í.

Mùjíbátù