Ẹ̀ka Páìnì Mẹ́ta

Etí Adágún Hirvas,
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kejì.

Eevi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé ní ìlú Tampere. Mo lérò pé ara le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, pé ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn sì ń móoru ju ilé wa níbí lọ. Ara tèmi náà le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń ki igi bọ ààrò.

Káàdì rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà nínú rẹ̀. O ní o kò ní wá síbi ìrántí ọdún kan ikú Raimo ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀, nítorí pé ọkọ tó mutí yó tó sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí o máa tan àbẹ́là fún. Lẹ́yìn náà o béèrè pé ta ló ri ẹ̀ka sí ọ̀nà orí yìnyín lọ́dún yìí. Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ nípa Raimo, mo sì mọ ara mi: bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, mi ò ní lè dé ibẹ̀.

Adágún pẹ́ kó tó dì. Oṣù kejìlá ti wọlé kí omi tó di ọkọ̀ Hilkka aládùúgbò mi mú gbagidi ní èbúté. Ìgbà tí òtútù wá dé, kò kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni yìnyín fi ń ké láàárín adágún, ajá mi kò sì jáde lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni òjò dídì bo gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé òjò dídì ni kúbùsù adágún. Bó bá ti nípọn lókè, yìnyín abẹ́ rẹ̀ kì í nípọn mọ́. Bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Hilkka ṣì ń wẹ̀ nínú ihò yìnyín. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń jáde láti ilé ooru tí a ti ń làágùn, tí ara rẹ̀ ń rú èéfín bí ọ̀dùnkún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí á sì kó sínú omi. Ó rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó pariwo pé: “Tauno, wá wọ omi jàre! Àbí kí n wá pọ̀n ẹ́ ni? Ojú ẹ ti le ju yìnyín lọ!” Ní Sátidé kan mo wọ̀ ọ́. Mo dúró nínú omi náà títí dé ọrùn, kò tutù sí mi. Hilkka wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní: “Ó yẹ kó o pariwo. Gbogbo èèyàn ló máa ń pariwo.”

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ìdíje wọn. Wọ́n so pákó mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n yọ̀ lórí òjò dídì láti ilé-ìwé dé èbúté, àwọn àgbà sì ṣe ìdíje ẹja pípa. Etí omi la ti ṣe é lọ́dún yìí, nítorí kò tíì sí ọ̀nà dé erékùṣù. Ọgọ́rin ihò, ọgọ́rin ènìyàn lórí àpótí kéékèèké, ẹja mẹ́rìnlá. Ìyàwó Tíṣà Ruuskanen ló gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú ẹja kan tí kò gùn ju ṣíbí lọ. Ọkọ rẹ̀ ní: “Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o! Ẹja tó sá fún gbogbo yín pátá ló wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ bá ìyàwó mi.” Ẹnìkan dáhùn pé ẹja wo ló ní ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà la ẹnu, kí wọ́n lè rò pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìdíje, Tíṣà àti Hilkka wá bá mi nílé pé kí n la ọ̀nà orí yìnyín. Àwọn ará òdìkejì ti ń yí adágún po, wákàtí kan àti ààbọ̀, kí wọ́n tó dé ilé ìtajà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń dá ihò wò ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, tí mò ń kọ bí yìnyín ṣe nípọn tó sínú ìwé, tí mò ń ri ẹ̀ka igi páìnì sínú yìnyín láti fi ṣàmì ojú ọ̀nà. Bí mo bá ti so aṣọ pupa mọ́ òpó èbúté, ìyá arúgbó pàápàá yóò kọjá láì bojú wẹ̀yìn. Tíṣà ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n gbà gbọ́.” Mo ní mi ò ṣe. Hilkka gbá mi léjìká, ó ní: “Yé dá ara ẹ lẹ́bi jàre. Ọ̀nà ẹ ò ṣe Raimo ní nǹkan kan. Òun ló yà kúrò lójú ọ̀nà.” Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn ni wọ́n ti ń fún mi jẹ láti ọdún tó kọjá. Mò ń bu kọfí lọ́wọ́. Ó kún ife, ó ṣàn sí ọwọ́ mi, mi ò sì mọ̀ àfìgbà tí Hilkka pariwo.

Mo ti dé ibẹ̀ wàyí, Eevi. Ó níbi tí adágún ti fún láàárín erékùṣù méjèèjì, ibi tí à ń pè ní Ọ̀fun, tí omi kì í sinmi lábẹ́ yìnyín. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá, òjò dídì dé mi lórúnkún níbẹ̀, irin ìlu tí mo fi ń dá ihò ti kújú, Raimo fúnra rẹ̀ sì ti gbé kọfí kaná létí omi, ó ń juwọ́ sí mi. Mi ò dá ihò ní Ọ̀fun. Mo kọ “ìbú ọwọ́ mẹ́rin” sínú ìwé, nítorí ìbú ọwọ́ mẹ́rin ló máa ń jẹ́ lọ́dọọdún. Mo sì lọ mu kọfí.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, mo jáde láàárọ̀ láti lọ wo àwọ̀n mi. Mo rí ihò tí alùpùpù orí yìnyín Raimo bá rì sínú omi. Fìlà rẹ̀ wà létí ihò náà. Yìnyín tín-ín-rín ti tún bo ojú omi, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ihò náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka ló wà, lójú ọ̀nà gan-an. Mo fa ẹ̀ka mẹ́ta tu. Mo gbé wọn lọ sí apá òsì, ogójì ìṣísẹ̀, mo rì wọ́n, mo da omi sí ìdí wọn kí wọ́n lè gan. Afẹ́fẹ́ bá mi gbá ipasẹ̀ rẹ́. Ìgbà náà ni mo tó sáré lọ pe ènìyàn. Ọlọ́pàá wọn ilẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó yà. Ẹnìkan rántí pé ó mu ife ọtí kan. Ife kan di ìgò kan, ìgò kan di ìmutípara. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, o sọ fún agbẹ́-òkúta pé kó má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Raimo lára òkúta ibojì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ, mo bá ọ gbé báàgì. Mo dákẹ́ níbẹ̀ náà.

Raimo kò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Èmi ni mo gbé ojú ọ̀nà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́la mò ń mú ìwé ìwọ̀n yìnyín náà lọ bá ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Mo ti bi agbẹ́-òkúta léèrè. Ó ní àyè ṣì wà lára òkúta náà.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ọkàn tó ń dunni la fi ń bẹ̀bẹ̀, tèmi ṣì dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé lórí, kò tíì jí. Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ẹnu mi ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kí ó fún ẹsẹ̀ rẹ lókun, kí ó sì jẹ́ kí o lè sunkún ọkọ rẹ bó ṣe tọ́ sí i.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Tauno.

Àfikún: Ìbéèrè rẹ. Hilkka ló ri ẹ̀ka lọ́dún yìí. Mo fún un ní irin ìlu mi, mo ní kó rí i dájú pé ó dá ihò ní Ọ̀fun, kó má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan ló bá níbẹ̀, kò tilẹ̀ pé. Ó yí ọ̀nà gba ẹ̀yìn erékùṣù. Nígbà tó dá irin ìlu náà padà, ó fi í ti ẹnu ọ̀nà mi. Mo ti gbé kọfí kaná, ṣùgbọ́n kò wọlé.