Baba Alásẹ́ Ka Nọ́ńbà Sípánà Nísàlẹ̀ Púùlù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Barnabas Àjàní Fátọ́lá (1953–2025)

Ìdílé Fátọ́lá ní Ọ̀fà kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa sin Baba wa lónìí. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìdúró. Ẹ má sunkún jù. Ohun kan ṣoṣo ni Baba búra pé àwọn ò ní kú láì ṣe, wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó lọ, ojú wa ló ṣe. Èmi Fikáyọ̀mi, àbíkẹ́yìn wọn, ni mo fẹnu sọ ọ́. Sista Hadassah, ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti dín díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà mi kù.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1953 ni wọ́n bí Baba ní agbo ilé Fátọ́lá, níbi téèyàn ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè látorí ẹní. Pa Awótọ́lá Fátọ́lá ló bí wọn, ọdẹ àti àgbẹ̀, tí etu máa ń dúró kí wọn kó tó sá. Ìyá wọn ni Màmá Ọ̀ṣunbíyìí. Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ nílé ìyá wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára Baba. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, wọ́n da omi sórí òrùlé kó lè kán sí ọmọ lára, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Gbogbo ọmọ ló ń ké tí omi yẹn bá bà wọ́n. Baba ò ké. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n ń wo ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ọdún 1960 ni Baba bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dọ̀ àwọn ìjọ Áńgílíkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìrìbọmi lọ́dún 1964, tí wọ́n sì gba orúkọ Barnabas. Ipò kejì ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń jáde. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ò tíì jáde wá sọ̀rọ̀ títí dòní, torí náà kìíní làwa kà á sí. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kọ́ iṣẹ́ páìpù n'Ílọrin. Ní 1974, rélùwéè gbà wọ́n síṣẹ́ pé kí wọ́n máa bójú tó páìpù omi ní ibùdókọ̀ Ọ̀fà. Páìpù tí Baba bá so, omi á tọrọ gáfárà kó tó kọjá nínú ẹ̀.

Lọ́dún 1982, Baba gbé Ìyá wa níyàwó, Màmá Àdìkẹ́, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé. Gbogbo yín lẹ mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, torí náà ẹ mọ̀ pé ọkùnrin lẹni tó bá lọ tọrọ ìyàwó níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo táwọn méjèèjì ń jà sí ni ìdajì bẹ́ẹ̀dì, Ìyá ló sì ń borí. Ògì ni Ìyá ń ṣe tà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògì yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀.

Nígbà tí rélùwéè dẹwọ́ iṣẹ́, Baba lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1996 ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nígboro wa tó ní púùlù ìlúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí omi púùlù máa mọ́. Àgbá irin ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, inú ẹ̀ ni asẹ́ wà, ìyẹn ohun tó ń gba ìdọ̀tí, òróró ara àti eruku ọyẹ́ kúrò nínú omi. Àmọ́ àtifọ asẹ́ náà, wàhálà ni! Nọ́ọ̀tù mẹ́rìnlélógún ló de ìdérí àgbá yẹn. Mo ti kọ́kọ́ ní ọgọ́ta, Sista Hadassah ní kí n rọra. Sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ni Baba fi ń tú u. Tí wọ́n bá yí nọ́ọ̀tù tó ti dógùn-ún, tó bá ké, àwọn ará Ìlemona nílùú kejì á ní kí ló dé. Géńdé méjì ló ń gbé ìdérí, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ asẹ́ náà. Nínú gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì, Baba nìkan ló mọ nọ́ọ̀tù tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ibà dá Baba dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó lè ṣí àgbá. Omi púùlù di ewé ẹ̀fọ́. Ẹja tó bá wọnú ẹ̀, á béèrè ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, Baba wọ káádígàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo iṣẹ́ àwọn díẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì ni wọ́n gbọ́ igbe. Tóyọ̀sí, ọmọ ọdún méje, ọmọ Ọlábámijí tó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì, ti yọ̀ ṣubú sínú púùlù. Èèyàn mẹ́wàá dúró létí omi, wọ́n ń nawọ́, kò sẹ́ni tó rí ọmọ. Omi náà dúdú débi pé èèyàn ò lè rí orúnkún ara ẹ̀ nínú ẹ̀.

Baba wọnú omi, pẹ̀lú káádígàn, pẹ̀lú ibà. Wọn ò fi ojú wá a. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìsàlẹ̀ kiri, bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn kan irun ọmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e. Ọmọ wú ikọ́, ó pọ omi, ó figbe ta. Ọlábámijí sọ pé àwọn ò tíì gbọ́ orin tó dùn tó igbe yẹn rí.

Baba jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Kì í ṣe omi ló fẹ́ pa ọmọ yìí. Nọ́ọ̀tù mẹ́rìnlélógún ni." Wọ́n wá búra pé àwọn ò ní kú títí asẹ́ tí ìyàwó àwọn lè dá fọ̀, láì pe ọkùnrin kankan, á fi wà lára púùlù yẹn. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Tí Baba bá sọ̀rọ̀ báyẹn tí wọn ò rí i ṣe, wọn ò ní lè sùn dáadáa, àní nínú ibojì.

Ọdún márùn-ún gbáko ni Baba fi ń yà á sórí ìwé. Ìwé iṣẹ́ ilé ìwé mi ni wọ́n ń yà á sí, ìyẹn ló fà á tí mi ò fi mọ̀wé. Kò sí èyí tó dùn mọ́ wọn nínú. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2016, Ìyá ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé. Ẹ mọ bó ṣe rí: wọ́n de aṣọ mọ́ ẹnu ìkòkò, wọ́n da ògì sí i, omi wọlẹ̀, eèrí dúró lókè. Ìyá tú okùn, wọ́n yí aṣọ síta-sínú, wọ́n gbọ̀n ọ́n nínú omi lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́.

Baba ní, "Àdìkẹ́, kí lo ṣe yẹn?"

"Mo fọ asẹ́ ni."

"Tún un ṣe kí n rí i."

"Baba Bíọ́lá, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sẹ́ ògì níwájú yín. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là jú?"

Baba ti ń wá ìkọ̀wé.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: àgbá ike aláwọ̀ búlúù tí omi ń ṣàn wọ̀ fúnra ẹ̀, láì sí agbára púpọ̀. Wọ́n fi páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára ṣe egungun sínú ẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ bíi àpò bò ó. Òkè àpò lomi ń gbà wọlé, ìdọ̀tí á dúró sínú, ẹ̀rọ á fa omi tó mọ́ jáde nísàlẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tù kankan. Ohun ìdè méjì bíi ti kúlà ló de ìdérí ẹ̀. Tó bá dọ̀tí, ẹ ṣí i, ẹ yọ àpò, ẹ yí i síta-sínú, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ dá a padà.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2017, àwọn ará Ọ̀fà ṣì ń fi rẹ́rìn-ín. Ìkánjú ló mú Baba. Aṣọ asẹ́ Ìyá gan-an ni wọ́n gbé, wọn ò béèrè, wọn ò sì ṣàn án. Ògì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gbẹ sínú ìṣẹ́po ẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó kù díẹ̀ kí àwọn tó ń ṣègbéyàwó wọlé wá ya fọ́tò ni púùlù bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó funfun, ó funfun, ó di ẹ̀kọ. Àlejò kan bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà dà?" Òmíì ní ká lọ pe alákàrà. Mánéjà Mùíz sáré jáde, ó di orí mú.

"Baba, púùlù ni mo ní kẹ́ ẹ máa tọ́jú àbí ìkòkò ògì?"

Baba ní, "Mùíz, má bínú. Ṣùgbọ́n ṣé o rí bó ṣe dọ́gba?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́ Baba. Wọ́n ní àgbá irin nìkan ni àwọn mọ̀. Ní ilé, Ìyá ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí aṣọ asẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń pè wọ́n ní Baba Alásẹ́, wọ́n fi ń bú wọn ni. Baba gba orúkọ náà, wọ́n kọ ọ́ sára ẹnu ọ̀nà.

Orúkọ yẹn náà dá nǹkan sílẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà láti Ìlemona lọ́dún 2019 pé kí "Olóyè Aláṣẹ Fátọ́lá" wá ṣe alága níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ páìpù. Ẹni tó kọ ọ́ ló fi àmì sábẹ́ S, tó wá sọ alásẹ́ ògì di ẹni tó ní àṣẹ. Baba lọ. Wọ́n jókòó sórí àga gíga, wọ́n mu ìgò mọ́ọ̀tì méjì. Ìgbà tí wọ́n fún wọn ní máìkì ni wọ́n tó ní, "Àmì abẹ́ S yẹn ò sí níbẹ̀ o. Asẹ́ ni mo ní, mi ò ní àṣẹ kankan nílé mi pàápàá." Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ páìpù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ omi. Tí ìwàásù bá gùn, Baba á lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ omi yẹn ni wọ́n yẹ̀ wò jù ní Nàìjíríà.

Gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ. Kílórínì tí wọ́n ń dà sómi púùlù jẹ aṣọ òwú. Léèsì ń jẹ́ kí eruku kọjá. Bíọ́lá, àkọ́bí wa tó jẹ́ aránṣọ, ran àpò mọ́kànlá. Aṣọ kọ́tìnnì kan tó nípọn ló ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn. Àmọ́ lọ́dún 2022, àìsàn rọ ọwọ́ ọ̀tún Baba. Wọn ò lè gbé sípánà mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ọwọ́ yẹn. Àwa ń wo wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohun kan náà la ń rò: ìbúra yẹn ńkọ́?

Ọlọ́run ló ní kí àgbá irin hòtẹ́ẹ̀lì jò nísàlẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Mùíz fúnra ẹ̀ ló wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Baba Alásẹ́, ẹ gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni asẹ́ Baba fi ṣiṣẹ́ nínú ọyẹ́ oṣù kìíní ọdún 2025, ọyẹ́ tó le débi pé adìyẹ ń wú ikọ́. Ìyá ló ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, Ìyá tí aromọléegun ti ká ní ìka. Kò sí ọkùnrin kankan tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, gbogbo wa tẹ̀lé Baba lọ. Ìyá ṣí i, wọ́n yí àpò, wọ́n ṣàn án, wọ́n dé e padà. Omi tí Ọlábámijí gbé kaná kò tíì hó tí wọ́n fi ṣe é tán. Baba fi ọwọ́ òsì yọ sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún lápò, wọ́n jù ú sí ibi tí púùlù ti jìn jù. Wọ́n ní tí àwọn bá ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ látòkè, iṣẹ́ àwọn parí.

Baba tẹjú mọ́ ọn. "Mọ́kàndínlógún."

Mùíz ní, "Ẹ gbà mí! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń mú u dání. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí ni." Ó lọ síbi mọ́tò ẹ̀, ó fi ọwọ́ bo sípánà míì, ó jù ú sómi.

Baba bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Omi dúró. Wọ́n ní, "Mẹ́tàdínlógún. Ó sì ti sán lẹ́nu. Mùíz, lọ ra òmíì."

Tóyọ̀sí, tó ti di ọmọ ogún ọdún báyìí, tó ń kàwé ní Pólì, tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, bẹ́ sómi. Ó kó méjèèjì jáde. Mẹ́tàdínlógún ni. Ó sán lẹ́nu. Ariwo sọ! Baba jókòó sórí àga, wọ́n mí kanlẹ̀. Mi ò rò pé wọ́n ti mí báyẹn láti ọdún 2011. Bíọ́lá bi wọ́n pé ṣé ká tọ́jú sípánà yẹn de ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ká fi sínú pósí. Baba ní, "Ẹ má dán an wò. Ẹ fi kọ́ ògiri. Tí mo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n ní kí n wá tú nọ́ọ̀tù, màá ní mi ò mú sípánà wá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, Baba mu ẹ̀kọ Ìyá tán, wọ́n ní ó dùn, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n sùn lọ.

Wọ́n fi Ìyá sílẹ̀, Màmá Àdìkẹ́ Fátọ́lá. Àwọn ọmọ mẹ́ta, Bíọ́lá, Hadassah àti Olúwafikáyọ̀mi. Àwọn ọmọọmọ méje. Àti Tóyọ̀sí, tí Baba máa ń pè ní ọmọ tí àwọn fi ẹsẹ̀ rí. Púùlù yẹn mọ́ láàárọ̀ yìí. Ìyá fọ asẹ́ kí wọ́n tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀.

Ẹ sùn re o, Baba Alásẹ́. Ẹ̀mí yín balẹ̀, tiwa náà balẹ̀. Kí omi tútù wà níwájú yín, kó mọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Sípánà wà lára ògiri. Tí wọ́n bá bẹ̀ yín níṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.