Ipò Ìkẹyìn Lára Ògiri

Gouyave, Grenada
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Kerlon ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn ní erékùṣù Carriacou ńkọ́, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó gbà ọ́ sílé? Mo gbàdúrà kí irin iṣẹ́ má pa ọ́ lára. Èmi tíṣà rẹ ń mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti fi ilé-ìwé sílẹ̀.

O rántí bí ẹ ṣe máa ń sùn nínú kíláàsì akáǹtì, bí ẹni jẹ gbẹ̀rẹ̀fútù yó. Ìgbà tí mo mú eré ìdíje orí fóònù wọlé, tí mo ní kí kálukú fi orúkọ ìnagijẹ ṣe é, tí kọ̀ǹpútà ń gbé ipò yín sára ògiri, gbogbo yín jí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ ń sáré wọlé. Ta ni Àtàǹpàkò tó ń gba ipò kìn-ín-ní? Ta ni Ọ̀gá Ọkọ̀ tó ń gbẹ̀yìn? Wọ́n á ní, "Ọ̀gá Ọkọ̀, ọkọ̀ ẹ ti rì o!" Ìwọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ gidi hàn: Shandel àbúrò rẹ, tó bá ọ ní kíláàsì nígbà tí o tún ọdún kan ṣe, ni Àtàǹpàkò. Ìwọ ni Ọ̀gá Ọkọ̀.

Mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta nínú ogún lo gbà ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó di oṣù kejìlá, o ti ń gba mẹ́tàlá. Àwọn yòókù kàn ń yára jù ọ́ ni. Tí wọ́n bá lọ tán, wàá ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n tún un ṣe. Mo ti fẹ́ rí i mú." O fẹ́ di akọ̀wé owó ẹgbẹ́ àwọn apẹja, kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ bàbá rẹ jẹ mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé òbí ni mo ṣìṣe. Mo fẹ́ ṣe ṣekárími lójú ọ̀gá ilé-ìwé, mo bá tẹ kọ̀ǹpútà, orúkọ gidi yín sì jáde gbàgàdà sára ògiri. Bàbá rẹ dìde. Ó ní, "Háà! Kerlon! Àbúrò ẹ wà lókè, ìwọ wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà! Ó tó gẹ́ẹ́. Wá máa fa àwọ̀n."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. O wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré lo ń retí, pé mẹ́ta ti di mẹ́tàlá. Ọ̀gá ń yìn mí, orí mi ń wú, mi ò sọ ọ́. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, o ti lọ. O kọ àwọ̀n bàbá rẹ, o kọ ilé-ìwé, o gba Carriacou lọ. Ojú ń tì mí títí di òní. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá bàbá rẹ létí òkun, mo sọ ọ́ níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?" Ìdánwò ku oṣù mẹ́ta, orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé àwọn tó máa ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́, padà wá, má jẹ́ kí àṣìṣe tèmi ba ọ̀la tìrẹ jẹ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lórí omi àti lórí ilẹ̀. O ò ní ṣe làálàá lásán.

Èmi tíṣà rẹ, tó ṣẹ̀ ọ́,
Verlyn Antoine

Àfikún: Láti ìgbà tí o ti lọ, Shandel ló ń gbẹ̀yìn. Kì í dáhùn ìbéèrè kankan. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ní, "Ara mi le, mà. Àyè bùrọ̀dá mi ni mò ń bá wọn dì mú."